Ojú Ọ̀dà Tó Tutù

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Òkè-Ìlá

Mi ò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yẹn mọ́.

Ẹ̀rọ tí à ń yẹ̀ wò láti ìjẹta ló ń bá awakọ̀ òfurufú ṣírò bí títì ọlọ́dà tí ọkọ̀ máa sá lé ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, kó tó gbéra tàbí kó tó dúró. Ó yege gbogbo ìdánwò. Èmi náà ni mo kọ àwọn ìdánwò ọ̀hún, mo sì ti buwọ́ lu ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láàárọ̀.

Lọ́sàn-án, òjò rọ̀. Ọ̀gá Fẹ́mi, awakọ̀ wa, tẹ ìwúwo ẹrù tuntun sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì dáhùn kíá. Mo wò ó dáadáa: ti àárọ̀ ló ṣì dì mú, pé ọ̀dà gbẹ. Kò tilẹ̀ béèrè. Bẹ́ẹ̀, bí ọ̀dà bá tutù, ọkọ̀ kì í tètè dúró.

Mi ò rí i tẹ́lẹ̀ torí mo máa ń pa ẹ̀rọ náà kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kọ̀ọ̀kan; tí mo bá sì tún un tàn, á béèrè lákọ̀tun bóyá ọ̀dà gbẹ. Báyẹn ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Awakọ̀ wo ló ń ráyè ìyẹn?

Ká ní òjò ò rọ̀ lónìí ni...

Màámi ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Mo ní mò ń bọ̀.

Kí n tó kúrò níbi iṣẹ́, Ọ̀gá Fẹ́mi ní, "Ẹnjiníà, òjò ti dá. Ẹ fọwọ́ sí i, wọ́n á tún un ṣe tó bá yá."

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin á fi gbéra báyìí?"

Ó wo ọ̀dà tó ṣì tutù níta. Ó sì na bírò rẹ̀ sí mi. Òun ni mo fi fa igi lé orúkọ ara mi tí mo kọ láàárọ̀.