Ìlà Tó Kẹ́yìn Lórí Kọ̀ǹpútà Àgbà

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le. Tèmi náà le, ọkàn ni kò balẹ̀.

Inú mi dùn pé ìwọ ni wọ́n fi ṣe alábòójútó kọ̀ǹpútà àgbà tó ń tọ́jú fáìlì gbogbo ilé iṣẹ́ yín. O bi mí bóyá kí o máa pa àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń kọ sójú ara rẹ̀ mọ́ sínú fáìlì kan. Pa á mọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

O rántí Bàbá Jẹ́jẹ́, onímọ̀ ẹ̀rọ wa? Lọ́jọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú àkọsílẹ̀ yẹn, ó ní, "Ọ̀gá Kíákíá, ẹ fún mi ní ìdajì wákàtí kí n pa ẹ̀rọ, kí n fi òdiwọ̀n sí i kó má baà kún jù. Ohun tó ń jẹun tí kì í yó, ilé ló máa jẹ kẹ́yìn." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní oníbàárà ń dúró, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa kọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ mi. Kó máa kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀.

Lóṣù kejì, fáànù kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dákú dájí. Kọ̀ǹpútà ń kọ igbe ìkìlọ̀ kan náà sínú àkọsílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, àkọsílẹ̀ ń wú, títí díìsìkì fi kún dẹ́nu. Ẹ̀rọ dúró gbagidi. Àwòrán ilé tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yà ṣègbé.

Níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́ ni mo ti pe Bàbá Jẹ́jẹ́ ní aláìbìkítà, tí mo sì lé e. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Ẹ ka àkọsílẹ̀ náà, mà." N ò kà á. Ó kú lọ́dún tó kọjá, tòun ti orúkọ burúkú tí mo fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, a fẹ́ kó díìsìkì àtijọ́ dànù, mo ní kí n wò ó. Igbe fáànù kún ibẹ̀ lọ súà. Nísàlẹ̀ pátá, mo rí ìlà kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí nípàdé: "Ọ̀gá Kíákíá, àyè ti ń tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n". Ibẹ̀ ló gé sí. Àyè tán mọ́ ọn lẹ́nu.

Fi òdiwọ̀n sí tìrẹ, kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ máa kúrò fún tuntun. Má pa á mọ́ sórí díìsìkì tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Kà á láràárọ̀. Bí ọ̀gá rẹ bá ń kán ọ lójú, fi lẹ́tà yìí hàn án.

Lọ́jọ́ Ẹtì, màá ka ìlà yẹn sétí àwọn òṣìṣẹ́ tó gbọ́ èébú mi. Ìyàwó Bàbá Jẹ́jẹ́ gbà láti wá. Ó ní òun ò ṣèlérí pé òun á dá mi lóhùn.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o fi ìkánjú ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Etí rẹ ò ní di sí ìkìlọ̀.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: a ti ra fáànù tuntun, kì í pariwo rárá. Síbẹ̀, bí mo bá ti jókòó sídìí iṣẹ́, mo ń gbọ́ "ẹ jẹ́ kí n", èmi náà a sì dáhùn pé, "Ó yá, ṣe é."