Ọ̀rọ̀ Jàpáànù fún fìlà dídé

Ọjọ́ Ẹtì, Ìsẹ́yìn, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Inú ṣì ń bí mi.

Ará Jàpáànù kan ra agbádá òfì àti fìlà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Délé. Ó ní kí a ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n. Èmi tí mo ń kọ́ èdè Jàpáànù lórí fóònù ni wọ́n gbé e fún.

Bọ̀dá ní "wear" ni Òyìnbó ń pe gbogbo rẹ̀, kí n wá ọ̀rọ̀ Jàpáànù kan ṣoṣo fún un. Mo kọ̀. Mo kọ "kiru", ìyẹn wíwọ̀, fún agbádá, mo kọ "kaburu", ìyẹn dídé, fún fìlà. Kò sí ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń wọ fìlà. Kí ló wá kan Òyìnbó nínú ọ̀rọ̀ èmi àti ará Jàpáànù?

"Bó o bá ba ọjà mi jẹ́, o ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ mi mọ́."

Bọ̀dá fi ìbínú dìde. "Jẹ́ kí n dé fìlà mi, kí n máa lọ."

"Bọ̀dá, ẹ ò ṣe wọ̀ ọ́?"

Wọ́n jáde. Mo fi àlàyé náà ránṣẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́.