Nọ́ńbà Tí Mo Ní Ká Fò

Olóòtú wa àtàtà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú àwa tọ́rọ̀ ń dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má dárúkọ mi.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Ọ̀gá wa mú èmi àti ọ̀rẹ́ mi fún iṣẹ́ ìwádìí nínú ọlidé gígùn yìí. A rí òfin tuntun kan tó bá gbogbo nọ́ńbà tí nọ́ńbà mìíràn yàtọ̀ sí oókan lè pín láìṣẹ́kù mu. A wá ń dán an wò títí dé ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó kan mọ́kànlélàádọ́rùn-ún, mo ní ká fò ó, pé kò sóhun tó pín in. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Mo pòṣé: "Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní ìṣirò?"

Àfi lánàá tí mò ń fọ àwo, ló bá sọ sí mi lọ́kàn: méje lọ́nà mẹ́tàlá! Mo sáré dán an wò. Òfin wa fọ́ yángá.

Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀rẹ́ mi ló máa ṣàlàyé ẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyá ẹ̀ ti ra bàtà tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà ránṣẹ́ sí i. Bí ọ̀rẹ́ mi bá rẹ́rìn-ín sí mi, ṣe ló ń dà bíi pé ó gún mi lábẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún un? Ẹ tètè dá mi lóhùn o, torí yàrá kan náà lèmi àti ọ̀rẹ́ mi ń gbé, kì í sì í pa ètò rédíò yín jẹ. Bẹ́ ẹ ṣe ka lẹ́tà mi débí yìí, á ti kọjú sí mi.