Káàdì tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Gbà

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó Bàbá. Mo kí Ìyá Àgbà lórí ìjókòó, mo kí Àǹtí Bùkọ́lá àti àwọn ọmọ wọn. Iṣẹ́ ń lọ níbí ní Port Harcourt, òjò nìkan ni kò jẹ́ ká rójú. Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ tó ń dà mí láàmú yìí tó yé mi. Èmi àti Káyọ̀dé ń gbá géèmù, àbúrò mi ní Kánádà, èmi nínú yàrá mi ní Eneka. Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí òun àti Bàbá ti jà, kì í gbé fóònù ẹnikẹ́ni mọ́. Inú géèmù yìí nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ṣàdédé dúró, ó ní ohun kan wà tí òun fẹ́ kí n sọ fún Mọ́mì. Kó tó sọ ọ́, iná kú. Ínfátà tó ń fi bátìrì fún gbogbo ilé wa ní iná ló dákẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé káàdì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú kọ̀ǹpútà ń jẹ iná ju èyí tí ilé wa ní lọ. Mo pe Káyọ̀dé títí, kò gbé e.

Gíráfíìkì káàdì ni mò ń wí, òun ló ń gbé àwòrán géèmù jáde. Tèmi ti jóná, mo sì ní láti yan ọ̀kan nínú méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Chidi, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Mile One. Ó kéré, kò fi bẹ́ẹ̀ yára, ṣùgbọ́n Chidi fọwọ́ sọ̀yà fún mi: Oga, dis one no dey chop light. Ó tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní irú Yorùbá wo ni èmi tí n kì í ná ọjà.

Ìkejì jẹ́ ti bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tó ti fẹ̀yìn tì. N ò ní dárúkọ wọn, torí mo mọ̀ pé gbogbo ilé lẹ máa ń ka lẹ́tà mi fún. Ẹ mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbọ́ dàgbà; àwọn ló ń kọ́ mi ní Yorùbá lẹ́yìn ìsìn, bíró pupa ni wọ́n fi ń tún lẹ́tà mi sí yín ṣe. Èyí nìkan ni n ò fi hàn wọ́n. Káàdì ọmọ wọn ni, ọmọ náà ti lọ sókè òkun, kì í sì í pè wọ́n déédéé. Káàdì náà wúwo bí búlọ́ọ̀kù, fáànù mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ní kí n wò ó. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kí àgbà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní ẹ ṣé gan-an, sà. Ọpẹ́ pé wọ́n fi nǹkan hàn mí ni mo ń dá o. Lójú tiwọn, mo ti gbà á nìyẹn. Wọ́n gbàdúrà lé e, wọn ò gba kọ́bọ̀; òun ni mo gbé sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó fi di Sọ́ńdè, gbogbo ìjọ ló ń bá mi yọ̀.

Ní Mọ́ńdè, Chidi ní ẹnìkan láti Elekahia ń bọ̀ wá ra tòun, pé òun á dá a dúró dè mí di Fúráìdè péré. Sátidé ni Káyọ̀dé máa ń wọlé. Tí iná bá tún kú, ó lè rò pé mo ń sá fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí mo bá sì yọ káàdì bàbá yìí, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n á máa bi mí bí káàdì ọmọ àwọn ṣe ń ṣe sí. Mo ti rò ó pé kí n purọ́. Yorùbá tí wọ́n kọ́ mi ni màá fi purọ́ fún wọn.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, á fún Bàbá lálàáfíà, á sì mú Káyọ̀dé padà sọ́dọ̀ wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ẹ tètè dá mi lóhùn kó tó di Fúráìdè, Mọ́mì. Báwo la ṣe ń dá ẹ̀bùn àgbà padà tí kò fi ní dùn wọ́n? Ṣé kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́ ni, àbí lẹ́yìn tí mo bá sọ ọ́ tán?

Èmi ọmọ yín,
Tólú