Ìdógò Tó Kú àti Ilẹ̀ Ìyá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní fi ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà, òun náà kì í sì í jà lójoojúmọ́. Fóònù tí o rà fún mi wà nínú àpótí, mo pa á kí ohùn inú rẹ̀ má baà tán, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà.

Ìwé tí o ní kí n tẹ̀ka sí ti dé, èyí tí a ó fi ilẹ̀ wa dógò ní báǹkì kí o lè rówó ra ṣọ́ọ̀bù. Èmi kì í tẹ̀ka sí ohun tí mi ò mọ ìdí orúkọ rẹ̀, ni mo bá gbé e lọ bá Òfin-Sọ-Pé, akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì. O mọ̀ ọ́n, kò lè béèrè omi kó má kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin wí. Ó ní mọ́gééjì tí wọ́n kọ sókè ìwé náà, Faransé àtijọ́ ni, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìdógò tó kú.

Bí mo ṣe gbọ́ pé ikú wà nínú rẹ̀, mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo yá aṣọ dúdú lọ́wọ́ télọ̀, mo mú ẹ̀gbọ́n mi káfíńtà dání, ó di báǹkì. A kí ọ̀gá wọn obìnrin kú ara fẹ́ra kù, a ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sunkún, ẹkún kì í jìnnà sí i. Obìnrin náà béèrè pé ta ló kú. Mo ní ìwé yín ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kò fi wá rẹ́rìn-ín. Ó fún wa ní àga àti omi, ó wá là á yé wa: bí ẹni tó yáwó bá san án tán, ìdógò náà kú mọ́ báǹkì lọ́wọ́ nìyẹn, bí kò bá san án, ilẹ̀ kú mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní igun tí ìyá rẹ sùn sí, lábẹ́ igi ọsàn, ńkọ́? Ó ní ìwé náà kì í yọ igun kankan sílẹ̀.

Inú mi bàjẹ́ gan-an, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìwé yẹn fi wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ò fi ohunkóhun dù ọ́ nígbà tó wà láyé, èmi wá ta ni tí n ó fi ilẹ̀ rẹ̀ dù ọ́? Mo ti tẹ̀ka. Àtàǹpàkò ọ̀tún ni, mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi da omi báǹkì sí aṣọ télọ̀, ó sì di dandan kí n fọ̀ ọ́ kí n tó dá a padà. Tìrẹ ni kó o máa san ti báǹkì lóṣooṣù, kó o tó ra ohunkóhun mìíràn. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ kú nínú ìwé àti ilẹ̀, ọmọ mi, jẹ́ kó jẹ́ ìwé.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á gbè ọ́, oníbàárà kò ní ṣì ọ́ nílé. Ọjọ́ tí o bá san án tán, gbé ìwé náà wálé, a ó sin ín sẹ́bàá ìyá rẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun á sunkún.

Èmi ni,
Bàbá rẹ