Ọ̀já Kan fún Apá Ìbejì

Ojúlé Kọkànlá,
Ìsàlẹ̀ Ọjà,
Erunmu, Ẹgbẹ́dá.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Agẹmọ, 2024.

Alága Ìgbìmọ̀,
Ilé Ìwòsàn Ìtura Ọmọ,
Alákìá, Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ BÍ WỌ́N ṢE WỌN ÌFÚNPÁ Ẹ̀JẸ̀ ÀWỌN ÌBEJÌ WA, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ NÍTORÍ ÈYÍ TÓ KÙ

1. Èmi ni ìyá bàbá àwọn ìbejì tí Olúwabùkọ́lá, ìyàwó ọmọ mi, bí sí ilé ìwòsàn yín lóṣù tó kọjá. Táyé kéré púpọ̀. Kẹ́hìndé sanra díẹ̀. Oṣù wọn kò pé, ẹ sì dá wọn dúró.

2. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ níbẹ̀ láìgún un lábẹ́rẹ́. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n á wé ọ̀já mọ́ ọmọ lápá, ẹ̀rọ á fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, nọ́ńbà á yọ. Nínú èkejì, nọ́ọ̀sì á fọwọ́ fẹ́ ọ̀já náà, á gbé ẹ̀rọ kékeré lé ọrùn-ọwọ́ ọmọ, á sì máa fetí sílẹ̀ títí ìró ẹ̀jẹ̀ yóò fi padà. Èyí gba sùúrù. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, bí ọ̀já bá kéré ju apá lọ, nọ́ńbà á ga ju òtítọ́ lọ.

3. Nọ́ọ̀sì Praise Dàda wé ọ̀já Táyé mọ́ apá Kẹ́hìndé. Ó ní ohun tí a bá ṣe fún Táyé la gbọ́dọ̀ ṣe fún Kẹ́hìndé, kí inú má bàa bí ọ̀kan. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n fìlà àti bàtà la máa ń rà ní méjì-méjì fún ìbejì. Apá wọn kò dọ́gba.

4. Ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé ń tutù, kò sì tọ̀. Ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan. Nọ́ọ̀sì Hàjàrá Bàṣírù wá mú ọ̀já tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà náà wálẹ̀ gan-an dé ibi tó léwu fún ọmọ, ojú Hàjàrá sì yí padà. Dókítà Ọlájídé, ọ̀gá yàrá náà, ní ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe bí etí ènìyàn, ó sì pàṣẹ pé ti ẹ̀rọ ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Kẹ́hìndé wá igi lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́, kí a má bàa fẹnu pe ikú ìbejì. Ọkàn mi gbọgbẹ́.

5. Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyí. Táyé ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ó ti sanra, ọ̀já kan náà ni wọ́n sì ń fagbára wé mọ́ ọn. Láàárọ̀ yìí kò gba ọmú. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù. Wọ́n ní nọ́ńbà rẹ̀ dára, wọn kò sì fún wa ní ìwé tí ilé ìwòsàn ńlá fi lè gbà á. Wọ́n sì ti gbé Hàjàrá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yàrá ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì.

6. Mo bẹ̀ yín, lónìí, kì í ṣe lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀: ẹ pàṣẹ kí wọ́n fi ọ̀já tó bá apá Táyé mu wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà méjèèjì. Bí nọ́ńbà bá ta ko ara wọn, kí wọ́n fún wa ní ìwé. Sanmí, bàbá rẹ̀, ló mú lẹ́tà yìí wá. Ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yín.

Àwọn ará Erunmu ti ń bi mí bóyá Kẹ́hìndé ló ń pe èkejì rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé Kẹ́hìndé kò pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín nínú ìbẹ̀rù,
Gbọ́njúbọ́lá Àyànkúnlé (Ìyáàfin),
Ìyá bàbá Táyé.