Aṣọ Funfun Tí Wọ́n Ń Wọ Bàtà Sí

Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn.

Tẹniọlá ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú làálàá Èkó, o kú àfaradà ooru. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, pàápàá jù lọ kí ó bá gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ níbi tí mo fi wọ́n sí nígbà tí mo bí ọ. Má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, màá ṣàlàyé. Àmọ́ tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ni Sìdí, awakọ̀ Èkó tí mo fi iṣẹ́ yìí rán, ti bá ọ tó fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, jọ̀wọ́ kọ́kọ́ lọ wọ bàtà rẹ, kí o tó padà wá ka ìyókù.

Gbogbo wa wà dáadáa nílé. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò ti dáwọ́ jíjò dúró, òjò ni kò rọ̀ mọ́. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó wà ní Yemetu, ṣùgbọ́n má sọ fún wọn. Bàbá Bátìrì, àbúrò bàbá rẹ, ń kí ọ. Ẹnu Ìyá Muslimat ẹlẹ́kọ ni wọ́n fi kí ọ o, torí wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ náà ni mo sì ń bọ̀ wá sọ yìí.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣí i báyìí, mo rí ọmọ mi nínú aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ó tiẹ̀ ní ìborí. Inú mi dùn débi pé mo kí ara mi kú oríire, mo ní wọ́n ti fi òróró yan Tẹniọlá ní Èkó. Àfi ìgbà tí mo wo ìsàlẹ̀ tí mo rí bàtà rọ́bà dúdú gìrìwò. Bàtà pẹ̀lú aṣọ funfun! Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ń rán sùtánà fún ìjọ wa, ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọ̀ ọ́, òòrùn ìbáà yọ́ ọ̀dà títì. Mo tún wá wo bí wọ́n ṣe rán an, apá rẹ̀ fẹ̀ bíi pé ènìyàn méjì ló fẹ́ wọ̀ ọ́, ìbàdí rẹ̀ kò mọ ibi tí ìbàdí wà. Ó dùn mí gan-an pé o gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn nígbà tí ojú ìyá rẹ ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́.

Ìgbà tí mo pè ọ́ lo wá sọ pé aṣọ iṣẹ́ ni, pé ilé iṣẹ́ yín ló ń ṣe omi tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pé asíìdì wà nínú ẹ̀, aṣọ náà ni kò sì ní jẹ́ kó kàn yín lára. O wá sọ ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. O ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ọ ní aṣọ funfun yẹn, bí o ṣe fa síìpù rẹ̀ dókè báyìí, o ò mọ ìgbà tí o bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, o fẹsẹ̀ lásán rìn wọ àárín àwọn àgbá asíìdì, ọ̀gá yín sì figbe ta. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún ayọ̀. Mo ní ọmọ tí mo tọ́ ti gba ẹ̀kọ́. Mo jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọrin, wọ́n jó. Mo wá padà pè ọ́, mo ní kí o máa bọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀, kí o sọ fún ọ̀gá rẹ pé wọn kì í wọ bàtà sí aṣọ funfun nílé tiyín. O ní o ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí n lè sùn mọ́.

Jẹ́ kí n máa tò ó bọ̀. Ṣé o rántí pé o ní ọ̀gá yín fẹ́ ra aṣọ tuntun, kí kálukú mú èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, o wá ya ìwé rẹ̀ ní fọ́tò fún mi pé kí ìyá olùránṣọ bá ọ wò ó. Mo wò ó tọkàntọkàn. Aṣọ kan wà fún eruku, òmíràn fún omi tó lè ta síni lára, ìkẹta fún òórùn tó ń pani, ìyẹn sì gbé ìgò afẹ́fẹ́ pọ̀n bí ọmọ. Mo rí àwọn àwòrán kéékèèké inú ilà pupa tó wà lábẹ́ wọn. Èyí tó jẹ́ ọwọ́ tí omi ń kán sí, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọwọ́ ni kí a fi fọ̀ ọ́. Èyí tó jẹ́ iná, mo ní ó ṣeé lọ̀ nìyẹn, kí áyọ́ọ̀nù sì gbóná dáadáa. Èyí tó jẹ́ orí òkú àti egungun méjì, mo ní kí o má dé ìdí ẹ̀ rárá, aṣọ ìsìnkú ni.

Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó wù mí. O tiẹ̀ ní gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ojú ìrán wọn pa, mo ní ọ̀lẹ ló rán an. Mo bá jókòó ti màṣíìnì, mo rán tìrẹ. Sátíìnì funfun ni, mo fún ìbàdí rẹ̀ mọ́ ọ, mo fi nẹ́ẹ̀tì sí abíyá nítorí ooru tí o ń ráhùn rẹ̀, mo rán gbogbo ojú ìrán rẹ̀ ní àrántúnrán, mo wá fi àpò ńlá méjì sí i. Aṣọ náà dára débi pé Ìyá Muslimat ní kí n rán irú ẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ òun.

Mo ní kí n tó fi ránṣẹ́, kí ẹnìkan dán an wò. Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe Bàbá Bátìrì, tó ń ṣáàjì bátìrì ọkọ̀ létí títì ní Bẹẹrẹ, tí omi bátìrì, tí òun náà jẹ́ asíìdì, kì í wọ́n lọ́wọ́ wọn? Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbé e wọ̀ lé ṣòkòtò wọn. Mo fi fóònù mi sínú àpò rẹ̀ kí n lè mọ̀ bóyá àpò náà ṣeé fọkàn tán. Ó kù kí wọ́n bọ́ bàtà rọ́bà wọn. Wọ́n ní àwọn ò bọ́ ọ. Mo bá wọn fa á títí, mo ní aṣọ funfun ni, mo tiẹ̀ ti di ẹsẹ̀ ọ̀tún mú tí mo ń fà á, wọ́n ní bí mi ò bá fi ẹsẹ̀ àwọn sílẹ̀ àwọn á pariwo olè. Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Tẹniọlá, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi bátìrì, wọ́n ń rọ ọ́, ọ̀kadà kan fun fèrè gbàà lẹ́yìn wọn, ọwọ́ wọn yẹ̀. Omi náà dà sí wọn láti itan dé ẹsẹ̀. N kò rí iná, n kò rí ọ̀bẹ, àmọ́ aṣọ náà ń lọ. Ojú ìrán ló kọ́kọ́ gbà á wọlé, gbogbo ihò abẹ́rẹ́ tí mo ń fi yangàn. Àpò jábọ́ pẹ̀lú fóònù, ṣòkòtò tẹ̀lé e. Bàbá Bátìrì ké, wọ́n sáré, wọ́n jókòó gbàgà sínú àwo omi ńlá tí Ìyá Muslimat fi ń fọ ewé ẹ̀kọ, àwo náà là, àwọn èrò ọkọ̀ sì ń wo àbúrò bàbá rẹ nínú pátá aláwọ̀ ewé. Omi la ń bù lù wọ́n títí ọwọ́ fi ń ro wá. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, itan wọn kàn pọ́n, wọ́n ti ń fi òróró pa á.

Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́? Kò ṣe é nǹkan kan. Omi náà ṣàn kúrò lára bàtà rọ́bà yẹn bí òjò ṣe ń ṣàn lára ewé kókò. Ibi tí mo ti ń wo bàtà náà ni ojú mi ti lọ sára kẹ́ẹ̀gì, mo rí àwòrán ọwọ́ yẹn gan-an. Ọmọ mi, kì í ṣe ọwọ́ tó ń fọ aṣọ nìyẹn. Omi náà ń jẹ ẹ́ ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Bẹẹrẹ, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè pe Jésù, torí ìwọ wà ní Èkó, ẹsẹ̀ lásán lo wà, èmi ni mo ní kí o bọ́ ọ. Mo fẹ́ pè ọ́, fóònù ti kú, inú ẹ̀ nìkan sì ni nọ́ńbà rẹ wà. Mo rì í sínú ìrẹsì, kò jí, a ò sì lè jẹ ìrẹsì náà mọ́.

Mo kó ìyókù aṣọ náà lọ bá Wòlíì Akínwùmí, wòlíì ìjọ wa. Wọ́n nà án sókè, wọ́n sì rí ojú mi ní òdìkejì. Wọn ò wolẹ̀, wọn ò ríran, wọ́n kàn ní kí n sọ fún ọmọ náà kó wọ bàtà. Mo bá lọ ra bàtà rọ́bà fún ọ ní Ọjà'ba. Bàtà kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí náà a gbé e sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ìjọ kọ ẹ̀yìn sí pẹpẹ, wọ́n kọjú sí bàtà, wọ́n gbàdúrà lé e lórí.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún àwo Ìyá Muslimat àti ṣòkòtò Bàbá Bátìrì, bó bá sì ṣẹ́ kù, fún fóònù tí asíìdì ò lè jẹ. Aṣọ tí kò níbàdí yẹn, èyí tí wọ́n ṣe fún omi tó ń ta síni lára, òun ni kí o mú, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù rẹ̀, pẹ̀lú ooru rẹ̀. Má ṣí síìpù. Má bọ́ ìbọ̀wọ́ nítorí Wasáàpù. Bí ọ̀gá rẹ bá ní bàtà tiwọn ló nípọn jù, wọ tiwọn sídìí asíìdì, kí o fi tèmi rìn wálé. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní pa ọ́ lára.

Láti ìgbà tí o ti ń rá kòrò ni mo ti ń pariwo lé ọ lórí pé bọ́ bàtà, bọ́ bàtà. Èmi kan náà ni mo ń kọ̀wé yìí: má bọ́ ọ. Sìdí gbé bàtà náà lọ́wọ́. Àdúrà ti wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ló kù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rachel olùránṣọ.